Ọgbà Ìyá Ọkọ Mi, Lọ́dún Tí Òjò Àrọ̀kúrò Kò Rọ̀

Síméńtì tí ẹ jókòó lé yìí, ilẹ̀ ọgbà ni tẹ́lẹ̀. Ibi tí mọ́tò Káyọ̀dé dúró sí yẹn, ebè ilá ló wà níbẹ̀. Lẹ́bàá ògiri, níbi tí ẹ gbé táǹkì omi sí, kókò ló kún ibẹ̀, ewé rẹ̀ tóbi débi pé àwọn adìẹ máa ń sá sábẹ́ rẹ̀ bí òjò bá dé. Mo mọ̀ pé ẹ kò lè fojú inú rí i. Síméńtì lẹ bá láyé. Ata tí a fi se ọbẹ̀ lónìí, inú ọ̀rá la ti tú u jáde, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi nínú yín pé ilẹ̀ ibo ló ti hù.

Nígbà tí mo wọlé ọkọ wá sí Òkukù níbí láti Inisa, kí òmìnira tó dé, kò sí ilé tí kò ní ọgbà lẹ́yìn. Ilé tí kò bá ní, a máa ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń gbébẹ̀ tàbí aláìsàn. Oko ńlá ni ti àwọn ọkùnrin, ẹ̀yìnkùlé ni ti àwa obìnrin. Gbúre wà níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ikàn, ata wẹẹrẹ, ata rodo, àti elégédé tó ń fà kiri ilẹ̀. Láàárọ̀, kí o tó gbọ́ ohùn èèyàn, ìró ọkọ́ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé kan dé èkejì. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè lọ́nà Ìkìrun, a mọ̀ pé ó tó àkókò láti fi ọkọ́ sílẹ̀ ká lọ pọn omi. Àwọn ìyàwó ilé a sì máa kí ara wọn láti inú ọgbà sí ọgbà pé, "Ata yín ńkọ́?" bí ìgbà tí èèyàn ń béèrè ọmọ. Bí mo bá bi ará ilé kejì léèrè ata wọn lónìí, wọ́n á ní orí màmá ti ń dàrú.

Ìyá ọkọ mi ló ni ọgbà tó wà níbí. Ìyá lásán la máa ń pè wọ́n. Obìnrin gíga ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn kì í sì í ṣeré lórí ọ̀rọ̀ ohun ọ̀gbìn. Tí ìkórè bá dé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn èèyàn bá ń gbé iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àkùkọ adìẹ wá síwájú pẹpẹ, elégédé Ìyá ni wọ́n máa ń gbé sáàárín. Lọ́dún kan, elégédé náà yí kúrò lórí tábìlì, ó já lé tíṣà tó ń ka orúkọ lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìjọ fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọrùn, wọ́n ní, "Ṣé kò fọ́?" Elégédé ni wọ́n ń béèrè o, kì í ṣe ẹsẹ̀ tíṣà.

Nígbà tí mo fi máa dé ilé yìí, ojú Ìyá ti ń ṣú. Kí n tó bí ọmọ mi àkọ́kọ́, ẹyinjú wọn méjèèjì ti funfun bí omi ògì. Síbẹ̀ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń ro ọgbà náà. Wọ́n á kúnlẹ̀ sáàárín ebè, wọ́n á máa tọ́ ewé wò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní, "Èyí koríko ni," wọ́n á fà á tu. Wọn kì í ṣì í.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, Ìyá ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ lóṣù keje, ìbàdí wọn sì yẹ̀. Ẹni tó ń to egungun wá tò ó, ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ dìde lórí ẹní títí oṣù mẹ́ta fi máa pé. Bàbá àgbà yín, ìyẹn ọkọ mi, ti lọ sí oko kòkó lọ́nà Ifẹ̀, bí wọ́n ti máa ń lọ lọ́dọọdún, wọn kì í sì í dé títí ọyẹ́ fi máa fẹ́. Èmi, Ìyá, àti ọmọ mi Títí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, àwa mẹ́ta la wà nílé.

Ojoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ìyá á pè mí láti orí ẹní. Wọ́n á ní, "Ìyàwó, lọ wo ọgbà kí o wá sọ fún mi." Màá lọ, màá wò ó, màá padà wá rò ó fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á ní, "Ṣé ewé ilá dúdú àbí ó ń pọ́n létí? Ṣé ikàn ti ń tanná? Elégédé tó wà lápá ìdí àgbọn, ṣé ó ti tó orí ọmọdé?" Bí mo ti ń dáhùn ni ojú wọn á máa tú ká. Ẹni tó ń jẹ̀rora ni wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọgbà, ara wọn máa ń rọlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé lóṣù kẹjọ, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nílẹ̀ wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹsàn-án, òjò àrọ̀kúrò á bẹ̀rẹ̀. Òjò yẹn ló ń gbé ohun ọ̀gbìn ẹ̀yìnkùlé dé ìparí ọdún. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró yìí ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Ọjọ́ ọjà ni. Mo gbé Títí pọ̀n, mo ń sáré kí ẹni tó ń ta iyọ̀ tó ṣí lọ, mi ò sì so ilẹ̀kùn ọparun ọgbà. Igi lápálápá la fi ṣọgbà yí i ká, ewúrẹ́ kì í jẹ lápálápá, kò sì lè gbabẹ̀ wọlé. Àfi ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo dé, ewúrẹ́ márùn-ún ló wà nínú ọgbà. Wọ́n ti jẹ ilá kanlẹ̀. Wọ́n ti jẹ tẹ̀tẹ̀, wọ́n jẹ ewé elégédé tó fi ku okùn lásán, wọ́n sì tẹ ikàn mọ́lẹ̀. Mo lé wọn jáde, mo dúró sáàárín ibẹ̀.

Ìyá ké sí mi láti inú yàrá. Wọ́n ní, "Ìyàwó, mo gbọ́ igbe ewúrẹ́."

Mo ní, "Ojúde ni wọ́n wà, Ìyá."

"Ọgbà ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, mà."

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo purọ́. Ìyá kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ni àwọn ará agboolé ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin Inisa kò mọ ọ̀gbìn, pé ọjà nìkan ló mọ̀. Mo rò ó pé òjò máa tó padà, pé kùkùté ilá á rú, pé màá gbin tẹ̀tẹ̀ mìíràn, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé irọ́ lè tanná ṣùgbọ́n kò lè so. Mo ti gbọ́ òwe yẹn rí. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, etí lásán ni mo fi gbọ́ ọ.

Oṣù kẹsàn-án dé, òjò kò rọ̀. Ojú ọ̀run á ṣú lọ́sàn-án, ààrá á sán lókè Ìbà lọ́hùn-ún, atẹ́gùn á fẹ́, yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Kùkùté ilá kò rú. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tí mo tún gbìn, èèrà kó o lọ. Ewé kókò tó ṣẹ́ kù rọ lọ́jọ́ kìíní, ó pọ́n lọ́jọ́ kejì, ó sì wó lulẹ̀ nígbà tó yá. Ata nìkan ló dúró, èso rẹ̀ kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́. Kànga tó wà lágboolé di ẹrẹ̀, a sì ń rìn lọ sódò Ọ̀tìn ká tó rí omi mu. Mo ń da omi tí mo fi wẹ ọmọ sí ìdí ata, mo ń da omi tí mo fi fọ àwo síbẹ̀. Ilẹ̀ ń gbé e mì bí ẹni pé a kò da nǹkan kan.

Láàárọ̀, Ìyá á pè mí, màá sì lọ dúró láàárín àwọn igi gbígbẹ yẹn. Màá ronú ohun tí ọgbà tó dára yẹ kó jẹ́ lọ́jọ́ náà, màá padà wọlé. Màá ní, "Ilá ti ń so, Ìyá. Mo ká díẹ̀ lánàá." Màá ní, "Elégédé ìdí àgbọn ti tó orí àgbà báyìí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á ní, "Bí òjò ṣe fà sẹ́yìn yìí, ìwọ lò ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. O ṣeun, Ìyàwó mi." Màá ní, "Kò tọ́pẹ́, mà." Ilá tí mo ń fi se ọbẹ̀, ọjà ni mo ti ń rà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé. Ìyá Ìbà la ń pè wọ́n, nítorí pé Ìbà ni wọ́n lọ́kọ sí. Wọ́n gbé ọmọ kan pọ̀n, wọ́n fa méjì lọ́wọ́, aṣọ ara wọn ń rùn èéfín. Iná ló jó àjà ilé wọn, èlùbọ́, àgbàdo, ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ ló jóná. Wọn kò sunkún. Wọ́n kàn jókòó sẹ́bàá ẹní Ìyá, wọ́n ní, "Ìyá, mi ò mọ ohun tí àwọn ọmọ yìí máa jẹ."

Nílé tiwa náà, iṣu oko etílé kò ta lọ́dún náà. Ìwọ̀nba tó wà, a ti gé e sí èlùbọ́. Àpò èlùbọ́ méjì àti agbọ̀n àgbàdo kan tó wà lórí àjà, òun la ní títí bàbá àgbà yín fi máa dé.

Ìyá yí ojú funfun yẹn sí apá ibi tí mo dúró sí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìwọ lò ń rí ọgbà. Tí a bá kó ohun tó wà lórí àjà fún ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣé kókò àti elégédé máa gbé wa dé ìgbà tí ọkọ rẹ máa dé? Sọ tòótọ́ fún mi. Tí kò bá lè gbé wa, a ó pín in."

Mo wo Ìyá Ìbà. Wọ́n ń wò mí lójú, àwọn ọmọ wọn náà ń wò mí. Àyè ló wà níwájú mi láti sọ̀rọ̀. Ìyá ti ṣí i sílẹ̀ fún mi. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé, "Á gbé wa, Ìyá."

Ọjọ́ kejì, àwọn ará Ìbà wá ru gbogbo rẹ̀ lọ. Èmi náà ló bá wọn gbé agbọ̀n lérí.

Ohun tó kàn, mi ò fẹ́ fà á gùn. Ebi ni. Ẹ̀yin kò tíì mọ ebi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Mo lọ sí Inisa lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi bu èlùbọ́ fún mi, wọ́n sì bi mí pé, "Ṣé kò sí oúnjẹ nílé ọkọ rẹ ni?" Ojú tì mí, mi ò padà lọ mọ́. Mo ru àdìrẹ méjì tí wọ́n fi gbé mi níyàwó lọ sọ́jà Ìkìrun, mo fi gba gàrí. Nígbà tí gàrí tán, mo ń já ìbẹ́pẹ dúdú, mo ń sè é bí iṣu. Ìyá á jẹ ẹnu méjì, wọ́n á ní inú àwọn kún, wọ́n á ti àwo sọ́dọ̀ Títí. Ọmú mi gbẹ. Títí tó ti ń sáré kiri tún padà sí rírákò, lẹ́yìn náà kò rákò mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ti odò dé, mo gbọ́ pé Títí ń sunkún nínú yàrá, ẹní Ìyá sì ṣófo. Mo sọ garawa kalẹ̀. Ilẹ̀kùn ọparun wà ní ṣíṣí. Wọ́n ti fi ìdí wọ́ dé ọgbà. Wọ́n jókòó sórí ebè ilá, ọwọ́ wọn ń tọ́ ilẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ibo ni ilá mi wà?"

Mo kúnlẹ̀. "Ibi tí ẹ jókòó sí yẹn ni, Ìyá."

"Láti ìgbà wo?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ ti ọjọ́ ọjà, ti ilẹ̀kùn, ti ewúrẹ́, ti gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń ro ohun tí kò sí. Mo rò pé wọ́n á fi mí bú. Wọ́n ń fọwọ́ fọ́ ebè gbígbẹ náà wẹ́wẹ́. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sí, mà."

"Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ rẹ bá gbọ́, á dá ọ padà sí Inisa, á sì gba ọmọ. Ọmọ yẹn kò tíì tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀." Wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Gbé mi dìde."

Bàbá àgbà yín dé nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n gbé Títí sókè, wọ́n sì tún rọra gbé e sọ̀kalẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ ilé. Kí n tó la ẹnu, Ìyá ti dáhùn.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo kó o fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Gbogbo rẹ̀, Ìyá?"

"Gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ọgbà ṣì ń so."

"Ṣé ìyàwó kò sọ fún yín pé ọgbà ti kú ni?"

Ìyá ní, "Ó sọ. Èmi ni mi ò gbà á gbọ́."

Mo gbé ọmọ mọ́ àyà. Mi ò sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà yín wo ìyá wọn, wọ́n ní, "Ẹ kó oúnjẹ ọmọ mi lọ sí Ìbà," wọ́n sì jáde síta.

A ń fún Títí ní oúnjẹ láti ọjọ́ yẹn, ẹran ara rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún tuntun, èéyi jà nílùú. Ọmọ púpọ̀ ló mú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì là á já. Mo gbé tèmi lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lápá, ó mi orí, ó ní ara ọmọ náà kò lágbára tí yóò fi jà. Ọjọ́ kẹta, lówùúrọ̀, Títí kú lórí ẹsẹ̀ mi.

Láti ìgbà náà, bàbá àgbà yín kì í wọ yàrá Ìyá. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó tán. Ìyá Ìbà gbọ́, wọ́n ru iṣu wá, bàbá àgbà yín kò gbà á, Ìyá Ìbà kò sì wọ ilé yìí mọ́. Nínú agboolé, ó di àṣà pé bí ọmọ kan bá fẹ́ fi oúnjẹ tọrẹ, wọ́n á ní, "Má ṣe bí Ìyá o." Etí Ìyá ṣì gbọ́ dáadáa. Mo rí i tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e rọ̀, ọgbà náà tún yọ, ó dúdú minimini, n kò sì rí ìkórè kankan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá kò gbé nǹkan kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá wọn gúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn."

Wọ́n fọwọ́ wá inú mi kàn. Mo ti lóyún oṣù márùn-ún. Wọ́n ní, "Bí èyí ná."

Mo bí i, bàbá yín ni. Kí n tó bí i, Ìyá ti lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbà á lọ́mú. Lẹ́yìn náà mo lóyún mìíràn, mo ní kí ìyẹn náà dáyé. Ilé kún, a kọ́ ilé tuntun, wọ́n da síméńtì sílẹ̀, n kò rí ọjọ́ tó bọ́ sí i.

Nígbà tí bàbá àgbà yín ti darúgbó, a jókòó níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìwàásù ọjọ́ yẹn dá lórí ìdáríjì. Wọ́n ní, "Mo ti dárí ji Ìyá lórí ọ̀rọ̀ Títí."

Mo ní, "Ẹ ṣeun."

Wọn kò pé ọdún kan sí i láyé. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kò sí ohun tí Ìyá ṣe tó yẹ kí a dárí rẹ̀ jì wọ́n.